Ara ọmọ ń yún: ṣé inú ìdílé ló ti wá ni, àbí inú báàfù?

Ọmọ oṣù márùn-ún kò tíì mọ bí a ṣe ń họra. Ọwọ́ rẹ̀ kò tíì gbọ́ tirẹ̀. Bí ara bá ń yún un, ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló ń fi ṣe èékánná: bí wọ́n bá ti pọ̀n ọ́n tán, yóò máa fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ra aṣọ ìyá rẹ̀, sọ́tùn-ún, sósì, títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà yóò fi bó, tí yóò sì máa ṣomi. Ẹni tó bá ń wò wọ́n láti ẹ̀yìn yóò ní oorun ló ń kun ọmọ. Bí èmi náà ṣe rò ó nìyẹn nígbà tí mo rí ọmọ àbúrò mi obìnrin ní Ìbàdàn, lásìkò ọyẹ́, kó tó di pé ìyá rẹ̀ tú ọ̀já, tí mo wá rí ojú ọmọ.

Èyí tó tẹ̀lé e, ọ̀pọ̀ ilé ló mọ̀ ọ́n. Ìyá ọkọ ní kò sí irú rẹ̀ nílé àwọn. Àwa náà ní kò sí irú rẹ̀ nílé tiwa. Ẹnì kan ní kúrúnà ni, òmíràn ní làpálàpá ni, ìyá àgbà kan ládùúgbò ní omi ọyàn ìyá rẹ̀ ni kò dára. Ẹni tó ń ta oògùn lẹ́bàá títì ta ìpara inú tíúbù kan fún wọn, kò tilẹ̀ béèrè ọjọ́ orí ọmọ. Ohun kan ṣoṣo tí gbogbo wa jọ fẹnu kò lé lórí ni pé ara ọmọ náà kò mọ́ tó. Ni wọ́n bá tún tẹra mọ́ kànìnkànìn.

Ó tó oṣù méjì kí wọ́n tó rí dókítà awọ ara. Ẹ́kísímà ni, èyí tó máa ń bá ọmọdé jà, tí àwọn dókítà ń pè ní atopic dermatitis. Nínú ọmọ mẹ́wàá tó bá máa ní in, nǹkan bí mẹ́fà ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ lára wọn kí wọ́n tó pé ọdún kan.

Kì í ràn. Ibẹ̀ ló ti yàtọ̀ sí kúrúnà, tó jẹ́ pé kòkòrò kan ló ń wa ihò sínú awọ, tí yóò máa yún ọmọ, yún ìyá, yún ẹ̀gbọ́n tí wọ́n jọ ń sùn. Làpálàpá ní tirẹ̀ máa ń ṣe róbótó, etí rẹ̀ a ga, àárín rẹ̀ a máa san. Ẹ́kísímà kì í ní etí kan pàtó. Ojú àti orí ló ti sábà ń bẹ̀rẹ̀ lára ọmọ ọwọ́. Bí ọmọ bá ti ń rìn, yóò ṣí lọ sí inú ìgúnpá àti ẹ̀yìn orúnkún. Ó máa ń lọ, ó máa ń bọ̀. Ìwé tí àwọn òyìnbó kọ sì ń sọ pé kí a wá ibi tó pọ́n. Ara ọmọ dúdú kì í sábà pọ́n bẹ́ẹ̀: yóò ṣú ni, tàbí kó dà bí eérú, tàbí kó yọ wínníwínní ní ìdí irun bí ara adìyẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tu ìyẹ́ rẹ̀. Bó bá lọ tán, yóò fi ojú ibi funfun tàbí dúdú sílẹ̀, ìyá yóò sì rò pé àrùn mìíràn ló tún dé. Mo mọ ìyá kan tí wọ́n fún ọmọ rẹ̀ ní oògùn làpálàpá fún ọdún kan gbáko nítorí èyí.

Ọ̀rọ̀ náà ti dé Geneva báyìí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, ìpàdé àgbáyé tí àjọ WHO máa ń ṣe lórí ìlera fọwọ́ sí i pé kí àwọn orílẹ̀-èdè ka àrùn awọ ara sí ọ̀rọ̀ ìlera gbogbo ayé. Ìwé ti dé, ó ku owó. Ṣùgbọ́n ìjà tó wà nínú ilé ni mo fẹ́ bá yín sọ, ìjà "kì í ṣe ìdílé tiwa" yẹn.

Ìdílé wà nínú rẹ̀, kò sí àní-àní. Ara ìbejì ni wọ́n ti rí i. Ìbejì tó wá láti inú ẹyin kan ṣoṣo, tí gbogbo ohun àjogúnbá wọn jọ jẹ́ ọ̀kan: bí ọ̀kan bá ní ẹ́kísímà, èkejì yóò ní in ní nǹkan bí ìgbà méje nínú mẹ́wàá. Ìbejì ẹlẹ́yin méjì, tí wọn kò jọra ju ọmọ ìyá lásán lọ, nǹkan bí ìgbà méjì péré ni. (Ẹyin méjì ni ìbejì tiwa, àwọn ti Igbó-Ọrà àti ibòmíràn, sábà máa ń jẹ́. Bí ara Táyé bá ń yún, kò di dandan kí ti Kẹ́hìndé yún.) Ẹ wá wo ìbejì ẹlẹ́yin kan yẹn dáadáa. Bó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ nìkan ni, ìgbà mẹ́wàá nínú mẹ́wàá ni ì bá jẹ́. Mẹ́ta tó kù yẹn, níbo ló gbà?

Èyí tí a kì í fẹ́ gbọ́ ni pé ohun tí ọmọ ń jogún lè má jọ ẹ́kísímà lójú wa. Ọmọ ìyá ni ẹ́kísímà, ikọ́ fée, àti imú tó ń yún tó sì ń ṣomi ní gbogbo àsìkò ọyẹ́. Ẹni tó ní ọ̀kan lè bí ẹni tó ní èkejì. Nígbà tí dókítà béèrè pé, "Ta ló máa ń sín nílé yín?" bàbá ọmọ wo ilẹ̀. Láti ìgbà tó ti wà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fà sínú fún ikọ́ fée ti wà lápò rẹ̀. Ìyá rẹ̀ tó ní kò sí irú rẹ̀ nílé àwọn ló ń ra ẹ̀rọ ọ̀hún fún un nígbà náà. Kò purọ́ o. Kò mọ̀ pé ọ̀kan náà ni.

Ní ọdún 2006 ni Irwin McLean àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Dundee, ní Scotland, rí jíìnì, ìyẹn ohun àjogúnbá kan, tó gbayì jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Filaggrin ni orúkọ ohun tí jíìnì náà ń ṣe. Ẹ rántí àmù tí wọ́n ń fi amọ̀ mọ. Bí iná bá jó o dáadáa, yóò gba omi dúró. Bí iná kò bá jó o tó, omi inú rẹ̀ yóò máa sun jáde. Filaggrin dà bí iná yẹn fún awọ ara. Òun ló ń so àwọn okùn tín-ín-rín inú awọ òkè pọ̀ kí wọ́n lè fún. Lẹ́yìn náà yóò tún fọ́ sí wẹ́wẹ́, àwọn wẹ́wẹ́ náà ni yóò máa fa omi mọ́ra, tí yóò sì jẹ́ kí awọ kan díẹ̀. Ọmọ tí jíìnì yìí bàjẹ́ lára rẹ̀, omi ń jáde lára rẹ̀ láìsinmi, eruku, kòkòrò àti ọṣẹ sì ń ráyè wọlé. Àwọn ọmọ ogun ara yóò dìde, wíwú àti yíyún yóò bẹ̀rẹ̀. Nínú 100 ènìyàn tó jẹ́ ìran Yúróòpù, nǹkan bí 9 ló ní irú jíìnì filaggrin tó bàjẹ́ yìí.

Ìròyìn náà kárí ayé, ọ̀pọ̀ sì rò pé a ti rí ìdí ẹ́kísímà. Ìdí ti òyìnbó la rí. Nígbà tí wọ́n wá a kiri lára àwọn aláàárẹ̀ ní Ẹtiópíà àti láàárín àwọn Xhosa ní Gúúsù Áfíríkà, wọn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ara ń yún àwọn ọmọ náà bí ara ṣe ń yún ọmọ Dundee. Lára àwọn ọmọ dúdú ní Amẹ́ríkà, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò jíìnì náà, filaggrin-2, ni wọ́n rí i pé ó ní ọwọ́ nínú ẹ́kísímà tí kì í lọ bọ̀rọ̀. Àwọn jíìnì mìíràn tún wà tó ń darí àwọn ọmọ ogun ara. Bí àwọn yẹn bá ń gbóná jù, wọ́n máa ń dín filaggrin kù lára ẹni tí jíìnì filaggrin rẹ̀ kò ní àbùkù kankan. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ibi tí wọ́n ti rí nǹkan kan nínú ohun àjogúnbá tó bá ẹ́kísímà tan ti lé ní 80 báyìí, ṣùgbọ́n lára ìran Yúróòpù ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìwádìí náà ti wá. Ẹni tó bá ní kí ẹ sanwó àyẹ̀wò jíìnì fún ọmọ yín nítorí ẹ́kísímà, ẹ bi í pé jíìnì ta ló fẹ́ wò.

Ó ku mẹ́ta inú mẹ́wàá yẹn. London ni n ó ti mú un.

Ní ọdún 1995, àwọn olùwádìí tó yẹ àwọn ọmọ iléèwé wò níbẹ̀ tẹ ohun tí wọ́n rí jáde. Nínú 100 ọmọ dúdú tí ìdílé wọn ti Caribbean wá, tí wọ́n sì bí sí London, nǹkan bí 16 ló ní ẹ́kísímà. Nínú 100 ọmọ aláwọ̀ funfun, wọn kò pé 9. Ẹni tó bá dúró níbẹ̀ yóò ní ẹ̀jẹ̀ dúdú ló fà á. Ṣùgbọ́n wọ́n gba Kingston lọ ní Jamaica, wọ́n yẹ àwọn ọmọ ìran kan náà wò nílé: wọn kò pé 6 nínú 100. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni, omi mìíràn, afẹ́fẹ́ mìíràn. Mi ò tíì rí ìdáhùn tó mọ́ ju èyí lọ fún ẹni tó bá ń bèèrè pé ìdílé ta ni.

Kí ẹnikẹ́ni má wá rò pé ilé wa ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú ìwádìí àgbáyé ńlá tí wọ́n ń pè ní ISAAC, tí àbájáde rẹ̀ lórí ẹ́kísímà jáde ní ọdún 1999, Ìbàdàn ni wọ́n ti bi àwọn ọmọ Nàìjíríà léèrè. Láàárín àwọn ọmọ ọdún 13 sí 14, Albania ló wà nísàlẹ̀, kò pé 1 nínú 100. Nàìjíríà ló wà lókè, ó lé ní 17. Èmi fúnra mi máa ń rọra ka iye yẹn, nítorí orí ìwé ni wọ́n ti bi àwọn ọmọ náà bóyá nǹkan tó ń yún ti ń lọ tó ń bọ̀ lára wọn, kúrúnà àti làpálàpá kò sì ṣọ̀wọ́n ní iléèwé wa. Síbẹ̀, kódà bí a bá gé e sí méjì, ó ṣì pọ̀ ju kí a máa sọ pé àrùn òyìnbó ni lọ.

Kí ló wá wà nínú omi àti afẹ́fẹ́ yìí? Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú báàfù.

Ọmọ wíwẹ̀ nílẹ̀ wa, iṣẹ́ ọwọ́ ni. Omi gbígbóná, kànìnkànìn, ọṣẹ dúdú, kí wọ́n fi ọwọ́ na ọmọ, kí wọ́n gbé e sókè, kí wọ́n fi àdí pa á lára. Ọ̀pọ̀ ọmọ kò ní nǹkan kan fi ṣe, yóò kàn sun oorun àsùnwọra ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tí àmù rẹ̀ ti ń sun omi, ìwẹ̀ yẹn ni yóò fọ́ ọ. Awọ tó yá máa ń kan díẹ̀, kì í kan tó omidùn, ṣùgbọ́n apá ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló wà. Eérú ni wọ́n fi ń se ọṣẹ dúdú, eérú àti ohun tó kan kì í sì í gbélé kan. Ọṣẹ òyìnbó tó ń hó gùdù kò sàn jù ú lọ, oògùn apakòkòrò tí àwọn kan ń dà sínú omi ọmọ sì burú jù ú. Kànìnkànìn ń họ ọmọ kí èékánná tirẹ̀ tó dàgbà. Àwọn tó ti kọ àdí sílẹ̀ fún òróró ólífì nítorí pé ó wọ́n, kí wọ́n mọ̀ pé ní Sheffield, wọ́n kán an sí apá àwọn àgbàlagbà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó sì ba awọ náà jẹ́. Ìwádìí ọdún 2013 ni. Fasilíìnì tí kò ní òórùn, tó wà nínú ike olówó pọ́ọ́kú, ni mo rí i pé àwọn dókítà fúnra wọn ń gbé sílé.

Omi náà lẹ́jọ́ tirẹ̀. Àwọn ará wa tó wà ní London mọ ẹfun tó máa ń lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ kẹ́tù. Omi tó le ni wọ́n ń pe irú omi bẹ́ẹ̀. Nínú ìwádìí tó jáde ní ọdún 2016, tí wọ́n fi àwọn ọmọ oṣù mẹ́ta ní England àti Wales ṣe, àwọn tó ń gbé níbi tí omi ti le ní ẹ́kísímà ju àwọn tí omi tiwọn rọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì sáré lọ ra ẹ̀rọ tó ń sọ omi di rírọ̀ o: wọ́n ti gbé e sílé àwọn ọmọ tó ti ní ẹ́kísímà rí, kò ràn wọ́n lọ́wọ́ nínú àbájáde ọdún 2011. Ohun tó ń bẹ̀rẹ̀ àrùn àti ohun tó ń wò ó sàn kì í ṣe ọ̀kan náà nígbà gbogbo. Bí omi borehole tiyín náà kò bá jẹ́ kí ọṣẹ hó, ẹ kàn dín ọṣẹ kù, kí ẹ fi ìpara pa ọmọ kí omi tó gbẹ tán lára rẹ̀.

Ọyẹ́ ni òtútù tiwa. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ tó ń la ètè àgbà ń la awọ ọmọ pẹ̀lú, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rọ amúlégbóná ṣe ń ṣe nílé àwọn ará London. Ìgbà ooru náà kò fi ọmọ sílẹ̀, nítorí òógùn máa ń ta á lára. Èéfín jẹnẹrétọ̀ àti ti sìgá kò ṣàánú ẹnikẹ́ni.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti ológbò. Ní ọdún 2008, àwọn olùwádìí ní Copenhagen rí i pé ọmọ tí jíìnì filaggrin rẹ̀ bàjẹ́, tí wọ́n sì bí sínú ilé tí ológbò wà, tètè ń ní ẹ́kísímà ju ọmọ tó ní irú jíìnì kan náà tí kò sí ológbò nílé wọn lọ. Ọmọ tí jíìnì rẹ̀ pé, ológbò kò rí i ṣe. Ajá kò tilẹ̀ ṣe ẹnì kankan ní nǹkan. Jíìnì nìkan kò ṣe é, ológbò nìkan kò ṣe é. Ìgbà tí wọ́n pàdé ni.

Ọ̀rọ̀ mìíràn wà tó le láti sọ láìjẹ́ kí wọ́n ṣì mí gbọ́. Ní ọdún 1989, olùwádìí kan tó ń jẹ́ David Strachan wo ìtàn ìlera àwọn ọmọ tó lé ní 17,000 tí wọ́n bí ní Britain ní ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo ní ọdún 1958, ó sì rí i pé ọmọ tó ní ẹ̀gbọ́n púpọ̀ nílé kì í sábà ní imú yíyún tàbí ẹ́kísímà. Bóyá kòkòrò tí àwọn ẹ̀gbọ́n ń gbé wálé ló ń kọ́ àwọn ọmọ ogun ara níwà. Ní Entebbe ní Uganda, wọ́n fún àwọn aláboyún kan ní oògùn aràn albendazole, wọ́n fún àwọn mìíràn ní èyí tí kò ní nǹkan nínú. Àwọn ọmọ tí ìyá wọn lo oògùn aràn ló ní ẹ́kísímà jù. Ọdún 2011 ni èyí jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ìyẹn kò túmọ̀ sí pé kí a fi aràn sínú ọmọ. Aràn ń mu ẹ̀jẹ̀, ó ń dá ọmọ dúró. Ó kàn ń sọ fún wa pé ara ẹ̀dá ti bá àwọn àlejò kan gbé pẹ́, bí wọ́n bá sì kó lọ lójijì, àwọn ọmọ ogun ara a máa wá ẹni tí wọn yóò bá jà.

Ti oúnjẹ ńkọ́? Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ara ọmọ àbúrò mi fi bó, wọ́n ti gba ẹyin, ẹ̀wà àti ẹ̀pà lọ́wọ́ ìyá tó ń fún un lọ́yàn. Èmi náà wà lára àwọn tó gbà á, mi ò lè sẹ́. Ṣùgbọ́n èrò àwọn onímọ̀ ti yí padà. Bí ohun jíjẹ bá gba ibi tí awọ ti bó wọ inú ara, ara lè kà á sí ọ̀tá. Bó bá gba ẹnu wọlé ní àsìkò, ara yóò mọ̀ ọ́n sí oúnjẹ. Gideon Lack àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò ní London lára ọmọ 640 tí ẹ́kísímà tó le ń bá jà tàbí tí ẹyin kò bá lára mu. Wọ́n fún àwọn kan ní ẹ̀pà láti kékeré, wọ́n ní kí àwọn mìíràn yẹra fún un títí wọn yóò fi pé ọdún márùn-ún. Nígbà tí àbájáde jáde ní ọdún 2015, àwọn tí wọ́n ń yẹra fún ẹ̀pà ni ẹ̀pà wá sọ di aláìsàn jù, pẹ̀lú ìyàtọ̀ ńlá. Ẹ̀pà lílọ̀ ni o, tí wọ́n pò mọ́ nǹkan. Odindi ẹ̀pà máa ń há ọmọ lọ́fun. Ọmọ tí ẹ́kísímà rẹ̀ le gan-an, ẹ jẹ́ kí dókítà rí i ná.

Ṣé a lè dènà rẹ̀ pátápátá? Wọ́n gbìyànjú. Ní Britain, wọ́n mú ọmọ tuntun 1,394 tí ìdílé wọn ní ẹ̀jẹ̀ yìí, wọ́n ní kí a máa fi ìpara pa ìdajì wọn lójoojúmọ́ fún ọdún kan. Nígbà tí wọ́n pé ọdún méjì, 23 nínú 100 àwọn tó ń para ló ní ẹ́kísímà, 25 nínú 100 àwọn tí kò para. Kò sí ìyàtọ̀ tó ṣeé dì mú. Ìpara ń tọ́jú awọ tó ti bó. Kò dá ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dúró. Nítorí náà, ìyá tí ọmọ rẹ̀ ní in kò ṣàì ṣe ohun kan tó yẹ kó ṣe.

Ọ̀rọ̀ tíúbù ẹ̀bá títì yẹn kù. Oògùn tó ń jẹ́ steroid wà nínú ọ̀pọ̀ nínú wọn, èyí tó le jù nínú wọn pàápàá, irú èyí tí àwọn tó ń bóra máa ń wá. Ó máa ń ṣiṣẹ́ kíákíá, ibẹ̀ ni ewu rẹ̀ wà: ojú ọmọ àbúrò mi dán lọ́jọ́ kẹta, gbogbo ilé yọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti fẹ́lẹ́ débi pé a ń rí iṣan. Bí wọ́n ṣe dáwọ́ rẹ̀ dúró, ó padà wá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lẹ́yìn èyí, ìyá rẹ̀ kò fẹ́ gbọ́ orúkọ steroid mọ́, nígbà tí dókítà sì kọ èyí tó rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, inú dúrọ́ọ̀ ló tọ́jú ẹ̀ sí. Lílo èyí tó le láìbéèrè ba ọmọ jẹ́. Ẹ̀rù èyí tó rọ̀ sì fi í sílẹ̀ sínú ara yíyún fún oṣù mẹ́ta sí i. Oògùn tuntun wà, dupilumab, abẹ́rẹ́ tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún ọmọ oṣù mẹ́fà sókè ní ọdún 2022. Ẹ má bi mí ní iye rẹ̀.

Ọmọ náà ti wọ iléèwé báyìí. Ojú rẹ̀ ti mọ́, ẹ̀yìn orúnkún rẹ̀ ló kù, ọyẹ́ ló sì máa ń jí i. Èékánná ọwọ́ rẹ̀ ń dán bí èyí tí wọ́n fi òróró pa. Họra-họra ló dán an bẹ́ẹ̀. Ìyá bàbá rẹ̀ ló ń wẹ̀ ẹ́ bí wọ́n bá lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, ọwọ́ lásán. Kànìnkànìn ti di ti ìkòkò. Nígbà tí mo débẹ̀ kẹ́yìn, mo bá màmá tí wọ́n ń fi fasilíìnì pa ẹsẹ̀ ọmọ, ọmọ ń rẹ́rìn-ín nítorí ó ń rìn ín. Bàbá ọmọ ń sín nínú yàrá, léraléra, bó ṣe máa ń ṣe láràárọ̀. Màmá wo ilẹ̀kùn yàrá náà, wọ́n wo ẹ̀yìn orúnkún ọmọ, wọ́n sì tún bu fasilíìnì sí i.